Ẹ Bi Ìyá Adó: Ṣé Kí N San Owó Ilé Tí N Kò Tíì Fojú Rí?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Ọmọbìnrin Ṣakí ni mí, ẹni ọdún 24. Ìlọrin ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú ìmọ̀ ìṣirò owó, mo sì parí ìsìn àgùnbánirọ̀ mi ní ìpínlẹ̀ Nasarawa lọ́dún tó kọjá. Ilé ìwòsàn aládàáni kan ní Ajílòsùn, Adó-Èkìtì, ti wá gbà mí síṣẹ́. 110,000 náírà ni wọ́n máa san fún mi lóṣù, ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù tó ń bọ̀ ni mo sì máa bẹ̀rẹ̀. N kò dé Èkìtì rí, n kò sì ní ẹbí kankan níbẹ̀.

Ajẹ́ńtì kan fi fọ́tò self-contain kan lójú ọ̀nà Ìwòròkó ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Owó ilé ọdún kan jẹ́ 280,000, àgírímẹ́ǹtì àti kọmíṣọ́ọ̀nù jẹ́ 80,000. Ó ní kí n san gbogbo rẹ̀ kó tó di ọjọ́ Ẹtì, pé ẹlòmíràn ti ń bẹ òun. 420,000 ni gbogbo owó tí mo ní ní báǹkì. Màmá mi ní bí mo bá máa lọ, àfi kí n máa wálé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ mi sì ń sọ pé ará Èkìtì kì í fẹ́ àjèjì, pé n kò ní gbọ́ èdè wọn. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé kí n san owó yìí?

Ọmọ Ṣakí

ÌDÁHÙN

Ọmọ mi, mo bá ọ yọ̀, o kú oríire iṣẹ́. Má san owó yẹn. Bí ajẹ́ńtì bá pè ọ́ lọ́jọ́ Ẹtì, sọ fún un pé o ń bọ̀ wá fojú ara rẹ wo ilé. Ẹni tó ní ilé gidi lọ́wọ́ kì í bẹ̀rù ojú ayálégbé. Bó bá bínú, jẹ́ kó máa bínú lọ.

Jẹ́ ká ṣírò rẹ̀, iṣẹ́ rẹ ṣáà ni. Yọ 360,000 kúrò nínú 420,000, ó ku 60,000. Inú 60,000 yìí ni wàá ti wọkọ̀ láti Ṣakí, tí wàá ti ra fóòmù, sítóòfù, ìkòkò àti bọ́kẹ́ẹ̀tì, tí wàá sì máa jẹun títí owó oṣù àkọ́kọ́ yóò fi wọlé. Oṣù àkọ́kọ́ yẹn máa ń gùn. Ilé iṣẹ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé oṣù tuntun ti wọ̀ dáadáa kí wọ́n tó san ti oṣù tó kọjá. Ọmọbìnrin tí ebi ń pa nílùú tí kò ti mọ ẹnikẹ́ni, oríṣiríṣi èèyàn ló máa ń yọjú láti ṣe é lóore, kì í sì í ṣe gbogbo oore bẹ́ẹ̀ ni ọ̀fẹ́. Mi ò fẹ́ kí irú rẹ̀ bá ọ. Rí i pé owó oúnjẹ oṣù méjì wà lọ́wọ́ rẹ lẹ́yìn tó o bá ti sanwó ilé, níbi yòówù kí ilé náà wà.

Ọ̀rọ̀ ibi tí ilé náà wà tún ńkọ́? Ajílòsùn wà lójú ọ̀nà tó lọ sí Ìkẹ́rẹ́. Ìwòròkó wà ní òdìkejì pátápátá, lọ́nà yunifásítì ìpínlẹ̀, EKSU. Ṣe ni wàá máa la ìlú já láràárọ̀, wàá wọ tákísí dé Fájuyì, wàá tún wọ òmíràn. Ká ní 500 ni àlọ, 500 ni àbọ̀, lọ́jọ́ iṣẹ́ 22 lóṣù, 22,000 náírà nìyẹn. Ìdá kan nínú márùn-ún owó oṣù rẹ ti tán sójú títì. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló sì kún ọ̀nà Ìwòròkó. Bí wọ́n bá gba ìsinmi, àdúgbò mìíràn níbẹ̀ á dá wáí, kò sì yẹ kí ọmọbìnrin tó dá gbé máa dé sí irú ibẹ̀ lálẹ́. Wá ilé sí Ajílòsùn gan-an, tàbí apá Ìjìgbò, níbi tó jẹ́ pé bí kò bá sí ọkọ̀, wàá lè fẹsẹ̀ rìn dé ibi iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ohun tí mo tìtorí rẹ̀ ní kó o wá fojú ara rẹ wo ilé ju ohun gbogbo lọ ni omi. Orí àpáta ni Adó jókòó lé. O ò ní pẹ́ rí àwọn òkúta ńláńlá tó yí wa ká, irú wọn náà ló wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ tí à ń tẹ̀. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ kànga wa kò jìn, ẹ̀ẹ̀rùn sì máa ń gbẹ wọ́n. Tíṣà kan, ọmọbìnrin bíi tìrẹ, gba yàrá ní ilé kan tó kángun sí tiwa ní Bàsírì nínú oṣù kẹjọ. Òjò ń rọ̀ nígbà náà, omi kànga ilé ọ̀hún súnmọ́ òkè débi pé o lè rí ojú ara rẹ nínú rẹ̀, inú rẹ̀ dùn, ó san ti ọdún kan. Nígbà tó máa fi di oṣù kejì ọdún, aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo máa ń gbọ́ ìró bọ́kẹ́ẹ̀tì ìfami tó ń ha ara òkúta nísàlẹ̀. Kẹ́ẹ̀gì gbogbo ará ilé á ti tò sílẹ̀ látàná. Wọ́n ti so okùn mọ́ okùn kó tó lè dé ìsàlẹ̀, ohun tó sì ń gòkè wá funfun bí omi ògì. Bí ẹni méjì bá fà á, ẹni kẹta á jókòó ti kànga títí omi á tún fi sun. Ọmọ yìí á fi èyí tó bá rí wẹ̀, á sì pẹ́ dé ilé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ tí kò bá tètè jí. Kò sí ẹni tó purọ́ fún un o. Kò bi ẹnikẹ́ni ni.

Nítorí náà, bó o bá dé ilé tó o fẹ́ gbà, má bi onílé léèrè omi. Wá ọmọ kékeré tó ń gbé inú ilé náà, kó o bi í pé, “Níbo lẹ ti ń pọnmi lẹ́ẹ̀rùn?” Ọmọdé á júwe ibẹ̀ fún ọ, á sì sọ iye tí wọ́n ń ra kẹ́ẹ̀gì kan. Wo mítà iná náà. Bí kò bá sí mítà, béèrè iye tí bíìlì ń jẹ́ lóṣù àti bóyá ẹni tó kó jáde jẹ gbèsè sílẹ̀. Padà lọ wo àdúgbò ní nǹkan bí aago méje alẹ́ kó o tó sanwó.

Wàá bi mí pé níbo lo máa sùn títí wàá fi rílé. Pe ilé ìwòsàn tó gbà ọ́ síṣẹ́ lónìí. Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn ló ní yàrá fún àwọn nọ́ọ̀sì, bí kò bá sì sí, obìnrin kan lè wà láàárín àwọn òṣìṣẹ́ tó ń wá ẹni tí wọ́n á jọ máa gbé. Kò sí ìtìjú nínú kéèyàn béèrè. Lẹ́yìn èyí, kọ ọ́ sí orí WhatsApp tí ẹ̀yin kọ́pà Nasarawa jọ wà. Bóyá ni kò ní sí ọmọ Èkìtì nínú yín, ẹni bẹ́ẹ̀ á sì ní àǹtí ní Adó. O ò sọ ẹ̀sìn rẹ fún mi. Bó bá jẹ́ Mùsùlùmí ni ọ́, wá àwọn ìyá inú FOMWAN, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin Mùsùlùmí. Bó bá jẹ́ Kìrìsìtẹ́nì ni ọ́, gba lẹ́tà lọ́wọ́ pásítọ̀ rẹ ní Ṣakí wá fún ẹ̀ka ìjọ yín níbí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ ẹni tó mọ ìlú dára ju ọdún kan lọ nínú ilé tí o kò mọ onílé rẹ̀.

Èyí tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ sọ nípa wa dùn mí. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Ará Èkìtì kì í fi ẹnu dídùn pàdé èèyàn lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo gbà. A máa ń wo ọ ná. Ṣùgbọ́n máa kí wọn: kí onílé, kí ìyá tó ń ta ata lẹ́nu ọ̀nà, kí bàbá tó jókòó síwájú ilé kejì. Láìpẹ́, ọjọ́ tí wọn ò bá rí ọ, wọ́n á béèrè ọ. Ní ti èdè, wọ́n á máa sọ ẹ̀ka èdè wa láàárín ara wọn ní Ọjà Bísí, wọ́n á sì yí i padà bí wọ́n bá ń dá ọ lóhùn. Wàá gbọ́ ọ bópẹ́bóyá.

Gba lẹ́tà iṣẹ́ tó kọ iye owó oṣù rẹ sílẹ̀ kó o tó kúrò ní Ṣakí. Bí ilé ìwòsàn náà bá ní òṣìṣẹ́ 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òfin ọdún 2014 ní kí wọ́n máa dá owó ìfẹ̀yìntì sí àkáǹtì rẹ, ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún láti ọwọ́ wọn, ìdá 8 láti ọwọ́ rẹ. Àkáǹtì yẹn á máa tẹ̀ lé ọ lọ sí ibi iṣẹ́ yòówù tó o bá tún lọ. Rìsíìtì owó ilé náà, má sọ ọ́ nù. Òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù kìíní ọdún 2026 gbà kí wọ́n yọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé tó o san lọ́dún kúrò nínú owó tí wọ́n máa gba owó orí lé lórí, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n máa yọ kò ní ju 500,000 náírà lọ.

Màmá rẹ kò jẹ̀bi. Ọmọ rẹ̀ ń lọ síbi tí ojú rẹ̀ kò tó. Ṣùgbọ́n láti Ṣakí, ẹ ó gba Ìsẹ́yìn àti Ìbàdàn, ẹ ó gba Ifẹ̀ àti Iléṣà, kẹ́ ẹ tó já sí Ìtawùré, Àràmọ̀kọ àti Ìgèdè wá sí Adó. Owó oṣù rẹ kò lè gbé ìrìn bẹ́ẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ara rẹ náà kò lè gbé e. Ní kó tẹ̀ lé ọ wá lọ́jọ́ tó o máa kọ́kọ́ wá, kí ó fojú rí ibi iṣẹ́ rẹ, kí ó sì gba nọ́ńbà ọ̀gá rẹ àti ti ẹni tó o dé sí lọ́dọ̀. Bí ìsinmi bá dé tó o fẹ́ lọ kí i, má kúrò níbi iṣẹ́ nírọ̀lẹ́ Ẹtì bọ́ sọ́kọ̀. Sun ilé, kó o wọ ọkọ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀ Sátidé.