Màlúù ń jẹ koríko, ẹ̀yin kì í ṣe màlúù: ìdáhùn fún ìyá ọlọ́mọ tó fi ẹran sílẹ̀

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Ó ti lé ní ọdún kan àbọ̀ tí mo ti fi ẹran, ẹja, ẹyin àti mílíìkì sílẹ̀ pátápátá, ara mi sì le koko. Ọmọ oṣù márùn-ún ni mo ń fún lọ́mú báyìí, ọmú nìkan ló ń mu. Ìyá ọkọ mi ní ọmọ náà ò ní lágbára nítorí mi ò jẹ ẹran. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ta àgúnmu móríngà lórí WhatsApp ní kí n má dá wọn lóhùn, pé ṣíbí méjì láàárọ̀ ju ẹran kílò kan lọ, pé kò sí fítámì tí kò sí níbẹ̀. Ó ní ṣebí koríko ni màlúù ń jẹ tó fi sanra. Ta ni kí n gbọ́ nínú wọn?

Ìdáhùn: Ẹ má gbọ́ ti ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì. Onímọ̀ nípa oúnjẹ ni mí o, n kì í ṣe dókítà oníṣègùn, n kò sì tíì fojú kan yín tàbí ọmọ yín. Ohun tí mo bá sọ níbí kò lè dípò àyẹ̀wò, ilé ìwòsàn náà ni n óò sì lé yín lọ.

Ti ìyá ọkọ yín ò gùn. Wọ́n rò pé inú ẹran nìkan ni agbára wà. Ẹ̀wà gbígbẹ tó wọn gírámù 100 ní purotéènì tó ń lọ bíi gírámù 22, ká má tíì dárúkọ ẹ̀pà, ẹ̀gúsí àti sóyà. Nínú ọ̀pọ̀ ilé wa, ẹran orí àmàlà kì í ju àtàǹpàkò lọ, bí kò bá tiẹ̀ jẹ́ pọ̀nmọ́ lásán, awọ tí purotéènì inú rẹ̀ ò pé. Ẹran ń bá iyì rìn láàárín wa ni. Ẹni tí wọ́n gbé ìrẹsì fún níbi ìnáwó láìsí ẹran lórí ẹ̀ ti mọ irú ojú tí wọ́n fi wo òun. Ẹ fọwọ́ wọ́nú bá màmá sọ̀rọ̀. Ẹ sọ fún wọn pé ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ Adventist kì í jẹ ẹran, ọmọ wọn sì ń dàgbà. Àmọ́ púpọ̀ nínú àwọn yẹn ń jẹ ẹyin, wọ́n sì ń mu mílíìkì. Ẹ̀yin ò ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì.

Ọ̀gbẹ́ni alágùnmu gan-an ni mo fẹ́ bá wí, torí irú lẹ́tà yìí ti pọ̀ jù lọ́wọ́ mi. Ewé móríngà dára, èmi náà ń jẹ ẹ́ nínú ọbẹ̀. Ṣùgbọ́n purotéènì inú ṣíbí méjì rẹ̀ kò tó ti ẹyin kan ṣoṣo. Èyí tó burú jù ni fítámì B12, tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, tó sì ń dáàbò bo iṣan ìmọ̀lára. Kò sí i nínú móríngà. Kò sí i nínú tẹ̀tẹ̀, ewédú, ṣọkọ yòkòtò tàbí ẹ̀wà. Spirulina, ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé tó wá látinú omi, tí wọ́n ń tà lówó gọbọi, ayédèrú B12 tí ara èèyàn ò lè lò ló pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí màlúù rẹ̀. Màlúù ò mọ B12 ṣe, koríko náà ò mọ̀ ọ́n ṣe. Bakitéríà, àwọn kòkòrò tí ojú lásán ò lè rí, ló ń ṣe é. Wọ́n kún inú àpòlúkù màlúù, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe B12, tí ìfun rẹ̀ ń gbà á, tó fi ń wọ ẹran, ẹ̀dọ̀ àti wàrà rẹ̀. Àwa náà ní irú bakitéríà bẹ́ẹ̀, àmọ́ ìfun ńlá nísàlẹ̀ ni tiwa ń gbé, òkè lápá ìparí ìfun kékeré sì ni ara ti ń gba B12. Ẹrù tó dé lẹ́yìn tí ọjà ti tú ni, inú ìgbẹ́ ló ń bá lọ. Àwọn kan ti gbọ́ ọ̀rọ̀ kòkòrò yìí, wọ́n wá ní kéèyàn má fọ ẹ̀fọ́ mọ́ dáadáa kó lè rí B12 nínú erùpẹ̀. Taifọ́ọ̀dù àti aràn ni ẹ máa rí níbẹ̀.

Kì í ṣe pé mo kórìíra àwọn tí kì í jẹ ẹran. Nígbà tí Donald Watson àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Vegan Society, ẹgbẹ́ àwọn tí kì í jẹ ẹran, ẹyin tàbí mílíìkì, sílẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1944, kò tíì sẹ́ni tó mọ B12. Ọdún 1948 ni wọ́n tó yọ ọ́ jáde látinú ẹ̀dọ̀. Lónìí, ẹgbẹ́ yẹn fúnra rẹ̀ ló ń sọ fáwọn èèyàn rẹ̀ pé ẹni tí kì í jẹ oúnjẹ tí wọ́n fi B12 kún gbọ́dọ̀ máa lo hóró oògùn rẹ̀: ó kéré tán màíkírógírámù 10 lójoojúmọ́, tàbí 2000 lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀.

Ẹ ní ara yín le. Mo gbà. Ẹ̀dọ̀ àgbàlagbà lè tọ́jú B12 pa mọ́ fún ọdún mélòó kan, nítorí náà, ọdún kan àbọ̀ ò tíì fi nǹkan kan hàn. Ọmọ yín ò ní irú ìpamọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá wà lára yín ló ń bá wàrà ọmú lọ sí tirẹ̀. Ọmọ tí B12 rẹ̀ ò tó lè máa rẹ̀ ṣáá, ọrùn rẹ̀ lè má dúró, ó lè ti máa rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀ kó wá dákẹ́. N ò sọ pé ó ti ṣe ọmọ yín o.

Ohun mìíràn tún wà tó máa ń tan àwọn òṣìṣẹ́ ìlera pàápàá. Ẹ̀fọ́ yín kún fún folate, fítámì kan náà tí wọ́n ń fún aboyún ní hóró tí wọ́n ń pè ní folic acid. Ó lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ yín pé nínú àyẹ̀wò, kí àìtó B12 sì máa ba iṣan ìmọ̀lára (nerve) jẹ́ lábẹ́lẹ̀, títí pajápajá á fi bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀. Iṣan tó bá bàjẹ́ pẹ́, ó lè má padà bọ̀ sípò tán. Tí wọ́n bá wo PCV yín, ìyẹn àyẹ̀wò bí ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó, tí wọ́n ní kò séwu, ẹ má tíì dìde. Ẹ dárúkọ B12 fún wọn.

Lọ́sẹ̀ yìí, ẹ gbé ọmọ lọ sọ́dọ̀ dókítà àwọn ọmọdé, kí ẹ sì sọ gbogbo ohun tí ẹ kì í jẹ láìfi bò. Ẹ má já ọmọ lẹ́nu ọmú, ẹ má sì fi àgúnmu kankan sí i lẹ́nu. Ẹ̀yin fúnra yín, ẹ bẹ̀rẹ̀ hóró B12. Ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú nílò màíkírógírámù 2.8 lójúmọ́, ẹyin kan kò sì ju nǹkan bí ìdajì màíkírógírámù kan lọ, nítorí náà ẹ má rò pé ẹyin ọjọ́ Sunday á tó. Bakitéríà ni wọ́n fi ń ṣe B12 inú hóró, kò sí ẹran níbẹ̀. Èyí tó wà nínú kápúsù lẹ máa yẹ̀ wò, torí awọ àti egungun ẹran ni wọ́n fi ń ṣe ìbòrí àwọn mìíràn. Ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC. Mílíìkì sóyà tí wọ́n ń rọ sínú ike lẹ́bàá títì kò ní B12 o.

Ẹ̀yin òǹkàwé yòókù tó ń lo metformin fún àtọ̀gbẹ, bí ẹ tiẹ̀ ń jẹ ẹran lójoojúmọ́, oògùn yẹn lè dín B12 ara yín kù tó bá pẹ́. Ẹ bi dókítà yín, kí ẹ má sì dá a dúró fúnra yín.