Kí Ẹ Tó Ra Òfin Eré Ogun Ọkọ̀ Alájẹ̀, Ẹ Ka Ọkọ̀ Yín Ná

Ìbéèrè tí ẹ béèrè ni pé òfin wo ni ó rọrùn jù láti fi ta eré ogun ọkọ̀ alájẹ̀ ayé àtijọ́ lórí tábìlì, kí ó parí ní ìrọ̀lẹ́ kan, pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ tí wọn kò ka ìtàn Gíríìsì rí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ta eré yìí pẹ̀lú ẹgbẹ́ kan níhìn-ín ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oríṣiríṣi òfin ni a sì ti lò tí a sì pa tì, nítorí náà n kò ní kàn dárúkọ ìwé kan fún yín. Iye ọkọ̀ tí ẹnì kọ̀ọ̀kan yóò máa darí ni kí ẹ kọ́kọ́ pinnu, kí ẹ tó wo ohunkóhun mìíràn nínú òfin.

Ogun wọ̀nyí kì í ṣe ìjà ọkọ̀ méjì. Ní Salamis, erékùṣù Gíríìsì níbi tí àwọn Gíríìkì ti bá Páṣíà jà ní ọdún 480 ṣáájú ìbí Kristi, ọkọ̀ àwọn Gíríìkì nìkan lé ní 300. Nígbà tí Róòmù àti Carthage, ìlú alágbára kan ní àríwá Áfíríkà, sì pàdé ní Ecnomus nítòsí Sísílì ní ọdún 256 ṣáájú ìbí Kristi, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ ni ó wà ní ìhà kọ̀ọ̀kan. Àwọn òfin kan wà tí wọ́n ń fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìwé tirẹ̀, níbi tí ẹ ó ti máa sàmì sí àjẹ̀ ọ̀tún àti ti òsì, àárẹ̀ àwọn atukọ̀, iye ọmọ ogun tí ó kù àti eré tí ọkọ̀ ń sá ní yípo yẹn. Wọ́n dùn bí ọkọ̀ bá jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí a bá fi wọ́n darí ọkọ̀ mẹ́wàá-mẹ́wàá, ìwé ni gbogbo ènìyàn ń wò, kò sí ẹni tí ó ń wo òkun mọ́, ilẹ̀ sì máa ń ṣú kí ìlà ọkọ̀ méjèèjì tó pàdé. Ẹ wá òfin tí ó jẹ́ pé ọ̀wọ́ ọkọ̀ ni a ń pàṣẹ fún, tí ipò ọkọ̀ kan kò sì ju mẹ́ta lọ: ó pé, ó ti yarọ, tàbí ó ti rì.

Bí ẹ bá ti dín ìwé kù báyìí, ẹ má ṣe dín ogun náà fúnra rẹ̀ kù mọ́ ọn. Trireme, ọkọ̀ ogun tí àwọn awàjẹ̀ rẹ̀ máa ń jókòó ní ìpele mẹ́ta, ti ìlú Áténì ní Gíríìsì ń gbé nǹkan bí 200 ènìyàn. 170 nínú wọn ni ó ń wa àjẹ̀, ọmọ ogun alápata mẹ́wàá àti tafàtafà mẹ́rin péré ni ó sì sábà máa ń wà lórí rẹ̀. Ọkọ̀ náà gan-an ni ohun ìjà, imú rẹ̀ tí wọ́n fi idẹ dé ni ó ń pa ọ̀tá. Òfin tí kò bá fi ìyàtọ̀ ńlá sáàárín kí imú kan imú àti kí imú gún ẹ̀gbẹ́ tàbí ìdí ọkọ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tí ó tà á. Ní ti eré sísá, nígbà tí wọ́n kọ́ ọkọ̀ Olympias ní Gíríìsì, tí wọ́n sì gbé e sómi ní ọdún 1987 láti fi mọ bí trireme ṣe ń ṣe, wọ́n rí i pé ó lè sá tó kìlómítà 16 ní wákàtí fún ìgbà díẹ̀, kí ó sì yí padà ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kan. Agbára àwọn atukọ̀ ni kì í pẹ́ tán. Ẹ kò nílò àtẹ àárẹ̀ kankan fún èyí: bọ́tìnì méjì ni àwa ń fi sẹ́yìn ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan, a ó sì mú ọ̀kan kúrò nígbà tí wọ́n bá sá eré àsápajúdé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọkọ̀ tí ó bá ti gún ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ ju dáìsì kí ó tó lè fa imú rẹ̀ yọ. Níbẹ̀ ni ariwo máa ń pọ̀ jù lórí tábìlì wa, nítorí ọkọ̀ tí imú rẹ̀ há ti di ẹran fún ọkọ̀ ọ̀tá tí ó bá wà nítòsí.

Bí mo ṣe ń dán òfin tuntun wò rèé. Ní ọdún 429 ṣáájú ìbí Kristi, nítòsí ẹnu ìyawọlẹ̀ omi Kọ́ríńtì, Phormio, ọ̀gágun Áténì, fi ọkọ̀ 20 pàdé ọkọ̀ 47 ti àwọn ará Peloponnese, ìyẹn ìhà gúúsù Gíríìsì tí ó ń bá Áténì jagun, tí púpọ̀ nínú wọn kó ọmọ ogun orí ilẹ̀. Àwọn wọ̀nyí fi ọkọ̀ wọn pagbo, imú síta, ìdí sínú, wọ́n sì fi àwọn ọkọ̀ kéékèèké àti márùn-ún tí ó já fáfá jù sáàárín. Phormio kò kọlù wọ́n. Ó ní kí àwọn ọkọ̀ tirẹ̀ tò tẹ̀ léra, kí wọ́n máa yí agbo náà ká, kí wọ́n máa ṣe bí ẹni tí yóò gún wọn, títí agbo náà fi ń fún. Ó sì ń retí afẹ́fẹ́ tí ó mọ̀ pé ó máa ń fẹ́ jáde láti inú ìyawọlẹ̀ náà ní ìdájí. Nígbà tí afẹ́fẹ́ náà dé, ọkọ̀ ń kọlu ọkọ̀ nínú agbo náà, wọ́n ń fi ọ̀pá ti ara wọn, ariwo kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ àṣẹ. Ìgbà yẹn ni ó wọlé tọ̀ wọ́n. Thucydides, òpìtàn ará Áténì, kọ ọ́ pé ọkọ̀ 12 ni àwọn ará Áténì gbà lọ́wọ́ wọn.

Ẹ to ogun yìí sórí tábìlì. Bí òfin yín kò bá mọ̀ ju kí a ka ọkọ̀ kí a sì ju dáìsì lọ, 47 ni yóò máa borí 20 ní gbogbo ìgbà. Ó gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò mú kí àwọn ọkọ̀ tí wọ́n fún mọ́ra di ìnira fún ara wọn, kí afẹ́fẹ́ ní iṣẹ́ tirẹ̀, kí atukọ̀ tí ó mọṣẹ́ sì sàn ju èyí tí kò mọ̀ ọ́n. Gbólóhùn mẹ́ta péré lè ṣe é. Mo ti rí ìwé tí ó nípọn tí kò sọ ọ̀kankan nínú wọn.

Àmọ́ òfin tí ó bá yege níhìn-ín lè kùnà nínú ogun Róòmù. Ní Mylae, nítòsí Sísílì, ní ọdún 260 ṣáájú ìbí Kristi, afárá onígi tí ó ní irin ṣóńṣó nísàlẹ̀ ni Gaius Duilius, ọ̀gágun Róòmù, fi de ọkọ̀ Carthage mọ́lẹ̀ kí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ lè rìn kọjá, Polybius, òpìtàn Gíríìkì, sì sọ pé ní Ecnomus, atukọ̀ 300 àti ọmọ ogun 120 ni ó wà nínú ọkọ̀ Róòmù kọ̀ọ̀kan. Bí ìjà orí ọkọ̀ kò bá wúwo nínú òfin yín, Róòmù kò ní borí láé. Nínú èbúté Siracuse náà, ìlú kan ní Sísílì tí Áténì gbógun tì, ní ọdún 413 ṣáájú ìbí Kristi, àyè kò sí fún yíyí. Àwọn ará ìlú gé imú ọkọ̀ wọn kúrú, wọ́n sì mú un nípọn kí wọ́n lè fi gún imú ọkọ̀ Áténì. Ẹ yan sáà kan, kí ẹ sì ra òfin tí wọ́n ṣe fún un.

Àwọn kan yóò ní kí ẹ máa kọ àṣẹ sílẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀ kí gbogbo ọkọ̀ lè rìn pọ̀. Èmi kò fẹ́ ẹ. Àríyànjiyàn lórí ibi tí ọkọ̀ wà nígbà tí ó gún ẹnì kejì kì í tán, nígbà tí ó jẹ́ pé káàdì tí a fà láti mọ ọ̀wọ́ tí ó kàn máa ń parí ọ̀rọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Ẹ má tíì ra àwọn ọkọ̀ kéékèèké onírin tí wọ́n ń tà fún eré yìí. Ní ìwọ̀n 1/1200, níbi tí ọkọ̀ gidi ti gùn ní ìlọ́po 1200 ju ti orí tábìlì lọ, trireme kan kò ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lọ ní gígùn, nítorí náà ẹ gé páálí sí ìwọ̀n yẹn, ẹ kun imú rẹ̀ ní pupa, kí ẹ sì ta ogun Phormio lẹ́ẹ̀mejì, kí àwọn tí wọ́n di Áténì mú lákọ̀ọ́kọ́ di Peloponnese mú lẹ́ẹ̀kejì.