Ibi tí ẹ lè kó àwọn ọmọ lọ lẹ́yìn Ojúde Ọba

Ẹ kú ìmúra Iléyá o, Ìyá Ìbejì. Ẹ béèrè pé lẹ́yìn tí Ojúde Ọba bá parí ní Ìjẹ̀bú-Òde, ibo lẹ lè kó àwọn ọmọbìnrin yín méjèèjì lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, ibi tí èrò ò ní pọ̀ sí. Òwò ẹja gbígbẹ ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe láàárín Ẹ̀pẹ́ àti Ìjẹ̀bú Wọ́tásáìdì, nítorí náà ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹsẹ̀ mi ló gbé mi débẹ̀.

Erédò Sùngbọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Yàrà ni, pẹ̀lú òkìtì ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí àwọn baba ńlá wa gbẹ́ yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká. Gígùn rẹ̀ tó kìlómítà 160. Láwọn ibì kan, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkìtì tó mítà 20. Ilé alájà mẹ́fà á wọ inú rẹ̀ rì. Ọwọ́ ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ná títì Ìjẹ̀bú-Òde sí Ẹ̀pẹ́ ń là á kọjá láìmọ̀, torí igbó ti bò ó. Ó máa ń dùn mí gan-an. Láti 1995 ni Nàìjíríà ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, pé kí wọ́n kà á mọ́ ogún àgbáyé, wọn ò sì tíì kà á mọ́ ọn.

Tí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀, oòrùn á kúrò lójú yín. Ògiri pupa lọ́tùn-ún, ògiri pupa lósì, ewédò bò ó, gbòǹgbò igi ń já wálẹ̀ lára rẹ̀, ibẹ̀ sì máa ń tutù bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀sán gangan. Ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń yọ̀ lẹ́yìn òjò. Bàtà òjò ni kí àwọn ọmọ wọ̀, kì í ṣe sálúbàtà, kí ṣòkòtò wọn sì gùn dé kókósẹ̀.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ ti gbọ́ mi dáadáa nìyí: ẹ má ṣe yà kúrò ní títì kí ẹ kàn kọrí sígbó. Ilé baálẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yà. Ẹ kí wọn, ẹ sọ ọmọ ẹni tí ẹ jẹ́ àti ìlú tí ẹ ti wá, kí wọ́n fún yín ní ọdẹ tàbí àgbẹ̀ tó máa fi àdá ṣáájú yín, kí ẹ sì fẹnu kò lórí owó rẹ̀ níṣojú wọn. Níbì kan, àwọn ọ̀dọ́ gba owó lọ́wọ́ èmi àti àwọn àlejò mi lẹ́nu ọ̀nà. A ò tíì rìn jìnnà tí àwọn mìíràn fi dá wa dúró, wọ́n ní àwọn kọ́ la sanwó fún. Láti ìgbà tí mo ti ń gba ọ̀dọ̀ àgbà wọlé, kò tún sẹ́ni tó dá mi dúró.

Òkè-Ẹ̀rí ò jìnnà sí Ìjẹ̀bú-Òde. Ibẹ̀ ni ibojì Bílíkísù Sùngbọ́ wà, obìnrin olówó tí ìtàn ní òun ló ní kí wọ́n gbẹ́ Erédò. Àwọn kan ní òun ni Ọbabìnrin Ṣébà. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀, torí ayé Sólómọ́nì ti pẹ́ ju ayé Erédò lọ púpọ̀, àmọ́ àdúrà làwọn èèyàn ń bá lọ síbẹ̀, ẹ má bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Wọn kì í jẹ́ kí obìnrin wọ ojú ibojì náà. Èmi náà, ìta ni mo dúró sí. Ó ká mi lára, torí obìnrin lẹni tó sùn síbẹ̀, ṣùgbọ́n ilé onílé ni. Ẹ ti sọ fún àwọn ọmọ látilé, kó má bàa di ẹkún.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ gba Ìbíadé àti Àbígí lọ sí Ìwópin, létí ọ̀sà Lẹ́kìí. Omi dídùn ni, torí odò bí Ọ̀ṣun àti Ọ̀mọ̀ ló ń ṣàn wọ inú rẹ̀. Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ wọ ọkọ̀. Tó bá di ọ̀sán, atẹ́gùn á máa ru omi sókè, inú òjò sì ni Iléyá ń bọ́ sí láwọn ọdún yìí. Ọkọ̀ tí kò bá ní láífù jákẹ́ẹ̀tì tó bá àwọn ọmọ mu, ẹ má wọ̀ ọ́, ì báà jẹ́ ọmọ ìyá yín ló ni ín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó ti àwọn obìnrin tó ń yan ẹja, kí wọ́n wo bí wọ́n ṣe ń yí i lórí iná. Ẹ ra díẹ̀ nínú rẹ̀, kí ẹ fi se ìkọ́kọrẹ́ lálẹ́.

Igbó Ọ̀mọ̀, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní J4, ló ń wu ọmọdé jù, torí erin ṣì ń gbé ibẹ̀. Igbó náà lé ní hẹ́kítà 130,000, 1977 sì ni UNESCO ti kà á mọ́ àwọn igbó tó yẹ ní dídáàbò bò. Ṣùgbọ́n nígbà òjò, ẹrẹ̀ ni ọ̀nà ibẹ̀. Ẹ fi dìgbà ọyẹ́, kí ẹ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣọ́ igbó náà, ẹ má sì ṣèlérí erin fún wọn. Ipasẹ̀ rẹ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ló ṣeé ṣe kí ẹ rí.

Lọ́jọ́ kẹta, ẹ kọjá sí Rẹ́mọ. Gbogbo ayé ló mọ ibojì Awólọ́wọ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́. Ṣágámù lèmi fẹ́ràn. Ní 1872 ni àwọn ìlú kéékèèké kóra jọ síbẹ̀ nítorí ogun, àdúgbò kọ̀ọ̀kan sì ṣì ń jẹ́ orúkọ ìlú tó ti wá. Ẹ fẹsẹ̀ rìn ín, kí ẹ máa bi àwọn àgbà léèrè ibi tí ìlú wọn wà tẹ́lẹ̀.

Kí ẹ tó dá ọjọ́, ẹ bi àwọn ará ilé yín bóyá Orò tàbí Agẹmọ máa jáde lọ́sẹ̀ yẹn, torí ẹ̀yin àti àwọn ọmọ ò gbọdọ̀ wà lójú ọ̀nà nígbà náà. Ẹ mú owó lọ́wọ́ lọ sétí omi, nẹ́tíwọ̀kì ibẹ̀ kì í dúró. Ẹ sì sọ fún mi bóyá àwọn ọmọ mọ omi wẹ̀, kí n lè sọ irú ọkọ̀ tí ẹ máa wọ̀ ní Ìwópin.