Dókítà Ní Kí N Bá Òun Wá Ìwé

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, màmá. Ilé ìkàwé ilé ìwòsàn kan n'Íbàdàn níbí ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Bí ẹni rán ọmọ ọ̀dọ̀ ni àwọn dókítà máa ń rán mi: "Bá mi wá nǹkan lórí àtọ̀gbẹ, mo fẹ́ ẹ lónìí." Lọ́dún tó kọjá, odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi bá ọ̀kan nínú wọn wá ìwé. Nígbà tí iṣẹ́ náà jáde, orúkọ ẹni mẹ́fà ló wà lórí ẹ̀, tèmi kò sí. Mo ti pinnu pé kí kálukú máa wá tiẹ̀. Ṣé mo jẹ̀bi? — Ọmọ Mọ́kọ́lá

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, bí inú ṣe bí ọ yẹn, o ò jẹ̀bi. Ìpinnu tó o ṣe yẹn ni mi ò bá ọ lọ́wọ́ sí.

Láyé ìgbà tí a ṣì ń fi CD wá inú MEDLINE, àkójọ àwọn ìwé ìwádìí ìṣègùn, kí PubMed tí wọ́n fi ń wá a lọ́fẹ̀ẹ́ tó dé sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 1996, dókítà àwọn ọmọdé kan jágbe mọ́ mi pé ẹ̀rọ wa ti bàjẹ́: òun ń wá ìwé lórí àìtó ẹ̀jẹ̀, ohun tó jáde kò kún ọwọ́. Mo wo ohun tó tẹ̀. "Anaemia" ni, bí àwọn òyìnbó Ìlú Ọba ṣe kọ́ wa. Amẹ́ríkà ló sì ń ṣe MEDLINE, "anemia" ni tiwọn. Mo yọ "a" kan láàárín, mo tún un tẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà kún dẹ́múdẹ́mú. Baba náà ò sọ̀rọ̀, ó fa àga, ó jókòó tì mí. Kò rán mi níṣẹ́ mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Ṣe ló ń wá bá mi jókòó.

Wọn ò mọ ohun tí a mọ̀, àwa náà kì í sì í sọ. Ẹ̀yìn káńtà la máa ń wà, tá à ń dijú. "Àtọ̀gbẹ" tó o gbà lọ́wọ́ wọn yẹn kì í ṣe ìbéèrè. Aláboyún ló ní in ni àbí arúgbó? Oògùn wo ni wọ́n fẹ́ lò, kí ni wọ́n fẹ́ fi wé e, kí ni wọ́n ń retí kó yí padà lára aláìsàn? Bi wọ́n kó o tó tẹ ohunkóhun. Ọmọ ọ̀dọ̀ kì í bi ọ̀gá ẹ̀ nírú ìyẹn.

Máa lọ sí wọ́ọ̀dù náà. Láti 1971 ni Gertrude Lamb, òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé ìṣègùn kan, ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìkàwé tẹ̀ lé dókítà lọ wo aláìsàn ní Kansas City, l'Amẹ́ríkà. Ọ̀dọ̀ àwọn nọ́ọ̀sì ni kó o ti bẹ̀rẹ̀ (ká má tan ara wa, tiwọn rọrùn jù).

Ọ̀rọ̀ orúkọ, kó o tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni kó o ti sọ ọ́. Lójú ICMJE, ìgbìmọ̀ àwọn olótùú jọ́nà ìṣègùn, ẹni tó wá ìwé nìkan kò tíì di òǹkọ̀wé. Ó gbọ́dọ̀ lọ́wọ́ sí kíkọ rẹ̀, kó sì fọwọ́ sí i kó tó jáde. Torí náà, sọ fún wọn pé ìwọ lo máa kọ abala tó ṣàlàyé bí ẹ ṣe wá ìwé: ibi tí ẹ wá a dé, ọ̀rọ̀ tí ẹ tẹ̀, ọjọ́ tí ẹ tẹ̀ ẹ́. Fi ránṣẹ́ lórí email, kó má di pé "mi ò gbọ́ bẹ́ẹ̀".

Dókítà ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn ń padà bọ̀, má ṣèyọnu. Tó bá dé, fa àga fún un.