Iṣẹ́ aránṣọ kò jẹ́ kí n dìde: kí ni kí n ṣe fún ara mi àti àwọn ọmọ?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Aránṣọ ni mí nítòsí ọjà Ouando, ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní orílẹ̀-èdè Benin. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, orí àga ni mo wà. Ẹ̀yìn ń dùn mí, ẹsẹ̀ mi sì máa ń wú lálẹ́. Búrò, ìyẹn ọ́fíìsì, ni ọkọ mi ń lọ. Ó ní bọ́ọ̀lù tí òun ń gbá láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú ti tó òun. Bí àwọn ọmọ wa bá ti ilé ìwé dé, ìdí tẹlifíṣọ̀n àti fóònù ni. Àkọ́bí jẹ́ obìnrin ọmọ ọdún 13, ìkejì jẹ́ ọdún 8, àbíkẹ́yìn jẹ́ ọdún 3. A ò lówó ibi ìdárayá. Báwo la ṣe máa ṣe é?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́, ìyá. Ọ̀rọ̀ ọkọ yín ni ká kọ́kọ́ yanjú, torí bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò ó. Kí bàbá má fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ o, ó dára gan-an. Ṣùgbọ́n nǹkan méjì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé, OMS, ní ká ṣe nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2020: kí àgbàlagbà fi ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ṣe ohun tó ń mú èémí yá, kí ó sì tún dín ìjókòó kù. Ìwádìí kan tó jáde ní 2016, lórí àwọn èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù kan, fi hàn pé ẹni tó ń jókòó ju wákàtí 8 lọ nílò bí ìṣẹ́jú 60 sí 75 ìrìn kíákíá lójoojúmọ́ kí ewu ìjókòó náà tó kúrò lára rẹ̀. Ti ọjọ́ Àìkú nìkan kò lè dé ibẹ̀.

Ìdí rẹ̀ rèé. Iṣan itan àti ti ìdí wà lára àwọn tó tóbi jù lára wa. Bí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́, wọ́n máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mọ́ra láìdúró de ínsúlíìnì, èròjà ara tó máa ń darí ṣúgà. Bí a bá jẹ amíwò, oúnjẹ àgbàdo, tán tí a jókòó pa, ṣúgà náà á pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀. Iṣan ẹ̀yìn ojúgun ní tiẹ̀ ló ń ti ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ padà sókè. Bí kò bá ríṣẹ́ ṣe, omi á rọ̀ sísàlẹ̀, bàtà tó wọ̀ yín láàárọ̀ á sì há lálẹ́.

Ní ṣọ́ọ̀bù yín, máṣíìnì nìkan kọ́ ló dè yín mọ́lẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ wà níbẹ̀. “Ọmọ, mú àlùmọ́gàjí wá.” “Ọmọ, bu omi wá.” Ó yẹ kí ọmọ jẹ́ iṣẹ́ fún àgbà lóòótọ́, àmọ́ ọ̀gá kì í kúrò lójú kan mọ́. Ẹ mú iṣẹ́ mẹ́ta padà sọ́wọ́ ara yín: omi mímu, aṣọ gígé lórí ìdúró, àti aṣọ lílọ̀. Ẹ gbé tábìlì ìlọṣọ sí ìkangun kejì ṣọ́ọ̀bù, kí ó ga dé ìbàdí yín kí ẹ má baà máa tẹ̀ ba. Bí ẹ bá ti rán ojú ìrán kan tán, ẹ dìde, ẹ lọ lọ̀ ọ́ pẹrẹsẹ kí ẹ tó rán òmíràn kọjá lórí rẹ̀. Aṣọ tí wọ́n rán báyìí máa ń bá ara mu ju èyí tí wọ́n lọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nígbà tó parí, nítorí náà àkókò yín kò ṣòfò. Òwú pẹ̀lú: àwọ̀ tí ẹ ń lò lọ́wọ́ nìkan ni kó wà nídìí máṣíìnì.

Kí ìjókòó kan má ju ìṣẹ́jú 30 lọ, kí ẹ sì rìn fún ìṣẹ́jú 2 tàbí 3 láàárín. Dídúró sójú kan kò rọ́pò ìrìn. Díẹ̀ báyìí ni agbára tó ń gbà fi ju ti ìjókòó lọ, ẹsẹ̀ á sì tún wú. Bí máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀ bá wà nílẹ̀, ẹ máa fi rán àwọn ojú ìrán gígùn. Ojúgun á ríṣẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n ẹ má kà á sí dídìde.

Fún itan àti ẹ̀yìn, ẹ gbé àga tí kò ní apá ti ògiri, kí ó má baà yọ̀. Ẹ jókòó sí etí rẹ̀, ẹ ya ẹsẹ̀ tó ìwọ̀n èjìká, ẹ fa gìgísẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, ẹ ká ọwọ́ sí àyà. Ẹ tẹ̀ síwájú, ẹ fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀, kí ẹ máa mí jáde bí ẹ ṣe ń dìde. Ẹ ka oókan dé ẹẹ́ta bí ẹ ṣe ń sọ̀ kalẹ̀: ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ wà, ẹni tó bá já lulẹ̀ gbì ti pàdánù rẹ̀. Kí orúnkún méjèèjì má wọ ara wọn, ẹ má sì sé èémí, torí ó ń mú kí ẹ̀jẹ̀ ru. Ìgbà 5, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ máa fi 2 kún un lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ títí yóò fi di 15. Ẹni tó bá fi 30 bẹ̀rẹ̀, itan á ro ó débi pé kò ní fẹ́ ṣe é mọ́.

Kí bàbá ní kí zemidjan (ọ̀kadà) já òun sílẹ̀ nígbà tó bá ku kìlómítà kan sí búrò. Ìṣẹ́jú 12 ni, ní ìwọ̀n ìrìn tó fi lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí kò ní lè kọrin. Àlọ àti àbọ̀, ọjọ́ márùn-ún: ìṣẹ́jú 120 lọ́sẹ̀.

Àwọn ọmọ wàyí. Ọdún 5 sí 17 nílò ìṣẹ́jú 60 lójúmọ́, kí ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ ní eré tó le nínú, bíi sísáré àti fífò. Àbíkẹ́yìn nílò ìṣẹ́jú 180 tó pín káàkiri ọjọ́, 60 nínú rẹ̀ kí ó jẹ́ eré tó ń mú un mí hẹlẹhẹlẹ. Fóònù àti tẹlifíṣọ̀n tirẹ̀ kò gbọdọ̀ ju wákàtí 1 lọ lójúmọ́. Ẹ má kàn já fóònù gbà lọ́wọ́ wọn láìfi nǹkan rọ́pò. Bí oòrùn bá ti rọ̀, ìta ló kàn, fóònù ló kẹ́yìn: bojúbojú, tẹ́ń-tẹ́ń, bọ́ọ̀lù, okùn fífò. Ẹ wọn okùn náà: bí ọmọ bá tẹ àárín rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí etí méjèèjì dé abíyá rẹ̀, èyí tó bá gùn jù á máa kọ́ ọ lẹ́sẹ̀.

Ní ọjọ́ orí àkọ́bí yín ni ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin ń pa eré tì, torí ojú ń tì wọ́n, iṣẹ́ ilé sì ń pọ̀ sí i. Ẹ fi ijó fà á, òun àti ọ̀rẹ́ méjì mẹ́ta. Ijó tó bá mú un làágùn, ìdárayá ni. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi fífò bí ọ̀pọ̀lọ́ tàbí sísáré yí ilé ká jẹ ọmọ kankan níyà. Á kórìíra rẹ̀ ni.

Bí ilé ìwé kò bá ju kìlómítà 2 lọ, kí àwọn àgbà nínú wọn fi ẹsẹ̀ rìn. Níbi tí kò bá sí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, ẹ̀gbẹ́ òsì ni kí wọ́n gbà, kí wọ́n lè máa rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú.

Ẹsẹ̀ méjèèjì tó wú lálẹ́ tó sì fà kí ilẹ̀ tó mọ́, ìjókòó ló sábà máa ń fà á. Bí kò bá fà láàárọ̀, tàbí tí ojú náà ń wú, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìtọ̀ yín wò. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo bá wú, tó gbóná, tó ń dùn yín lẹ́yìn ojúgun, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òróró wọ́ ọ. Ẹ̀jẹ̀ lè ti dì nínú rẹ̀; ilé ìwòsàn ni, lọ́jọ́ náà gan-an.