Nọ́ńbà wo ni kí n fún kọ̀ǹpútà àgbà yìí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa ọ̀wọ́n, mo kí yín o. Ṣọ́ọ̀bù kékeré ni mo ní ní Ọ̀fà, a máa ń tẹ ìwé, a sì máa ń ṣe fọ́tókọ́pì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Kọ̀ǹpútà mẹ́ta ni a ń lò: méjì wà lórí Windows 7, ẹ̀kẹta tí ó jẹ́ àgbà wọn ṣì wà lórí Windows XP. N kò lè gbé e sọnù, nítorí òun nìkan ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ńlá wa gbà láti bá ṣiṣẹ́. Láìpẹ́ yìí ni mo ra ráútà tí ń lo síìmù. Àwọn méjì yẹn rí íntánẹ́ẹ̀tì lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n àgbà tí mo fi wáyà so mọ́ ráútà náà ń sọ pé ìsopọ̀ òun kò pé, 169.254 ni nọ́ńbà tí mo rí lára rẹ̀ sì fi bẹ̀rẹ̀. Àbúrò mi wá wo nọ́ńbà ara ọ̀kan nínú àwọn yòókù, 192.168.8.101, ó tẹ̀ ẹ́ sínú àgbà. Íntánẹ́ẹ̀tì wọlé fún ìṣẹ́jú díẹ̀, lẹ́yìn náà ni méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ sójú pé nọ́ńbà àwọn forí gbárí. Nọ́ńbà wo gan-an ni kí n fún un?
Onítẹ̀wé, Ọ̀fà.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ráútà ni ó ni nọ́ńbà yìí, tí wọ́n ń pè ní IP address, nítorí náà ọ̀dọ̀ ráútà ni kí ẹ ti lọ wo èyí tí ó ṣẹ́ kù, kì í ṣe ara kọ̀ǹpútà mìíràn.

Nígbà tí ẹ bá tan kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni kò fún ní nọ́ńbà, yóò ké lórí wáyà pé kí ẹni tí ń pín nọ́ńbà dá òun lóhùn, ráútà ni ó sì máa ń dáhùn. Iṣẹ́ pínpín yìí ni wọ́n ń pè ní DHCP. Bí kò bá gbọ́ ohùn kankan, Windows yóò fún ara rẹ̀ ní nọ́ńbà tí 169.254 ṣíwájú rẹ̀. Ohun tí àgbà yín ń sọ kò ju pé ó ké, wọn kò sì dá a lóhùn.

Ohun kan nínú lẹ́tà yín dùn mọ́ mi: íntánẹ́ẹ̀tì wọlé fún ìṣẹ́jú díẹ̀ nígbà tí àbúrò yín tẹ nọ́ńbà sí i. Ìyẹn fi hàn pé wáyà yín kò ní àbùkù, ihò tí ẹ ti wáyà náà bọ̀ lẹ́yìn ráútà sì tọ́. Ibi méjì ni mo ń fura sí nísinsìnyí. Àkọ́kọ́ ni ètò ìdènà kòkòrò kọ̀ǹpútà tí àsìkò rẹ̀ ti kọjá, tí ó ṣì jókòó sínú XP náà, tí ó sì ń dí ìdáhùn ráútà lọ́nà. Èkejì ni fóònù àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Bí ẹ bá ti fún wọn ní ọ̀rọ̀ aṣínà Wi-Fi yín, fóònù kọ̀ọ̀kan gba nọ́ńbà kan, ẹni tí ó wá láàárọ̀ tí ó sì ti lọ ṣì ni nọ́ńbà tirẹ̀ títí àkókò tí ráútà fún un yóò fi pé. Bí gbogbo nọ́ńbà bá ti lọ tán, ẹni tí ó bá ké lẹ́yìn wọn kò ní rí gbà. Ẹ yí ọ̀rọ̀ aṣínà padà, ẹ pa ráútà kí ẹ tún un tàn, kí ẹ sì tẹ "ipconfig /renew" nínú Command Prompt àgbà náà, ìyẹn ojú ibi tí a ti ń tẹ àṣẹ fún kọ̀ǹpútà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti dá a padà sí "Obtain an IP address automatically".

Ní ti ìforígbárí, ẹ wo inú agboolé. Ìyá Àgbà kan wà nínú agboolé kọ̀ọ̀kan ní Ọ̀fà, ó wà ní Òmù-Àrán, ó wà ní Ìlọrin, kò sì sí ìjà láàrin wọn, nítorí orúkọ náà kì í kọjá ẹnu ọ̀nà ilé. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n ń pè ní RFC 1918, ti ọdún 1996, ṣe ya àwọn nọ́ńbà tí 192.168 ṣíwájú, àwọn tí 10 ṣíwájú, àti àwọn tí ó wà láti 172.16 dé 172.31, sọ́tọ̀ fún ìlò abẹ́lé. 192.168.8.20 lè wà ní ṣọ́ọ̀bù yín kí ó sì wà ní ilé kan ní Táńkẹ̀ ní Ìlọrin. Ṣùgbọ́n bí ẹni méjì bá ń jẹ́ Ìyá Àgbà nínú agboolé kan náà, tí ọmọ ké, àwọn méjèèjì ni yóò jẹ́ ẹ. Ohun tí àbúrò yín ṣe nìyẹn.

Nítorí pé àwọn yòókù ń ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé láti ara àgbà, ó yẹ kí nọ́ńbà rẹ̀ dúró lójú kan. Ẹ ṣí 192.168.8.1 nínú kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ẹ wo ibi tí ráútà kọ àwọn nọ́ńbà tí ó ń pín sí. Bí ó bá jẹ́ láti 100 dé 200, ẹ mú èyí tí ó wà lóde wọn, bí 192.168.8.20. Nínú XP, ẹ lọ sí Control Panel, lẹ́yìn náà Network Connections, ẹ fi bọ́tìnnì ọ̀tún tẹ Local Area Connection, ẹ mú Properties, ẹ yan Internet Protocol tí TCP/IP wà lára rẹ̀, kí ẹ tún tẹ Properties. Ẹ fi nọ́ńbà náà sí i, ẹ fi 255.255.255.0 sí Subnet mask. Bí ẹ bá tẹ "ping 192.168.8.1" tí èsì sì wá, ẹ ti dé ọ̀dọ̀ ráútà.

Ó ku Default gateway, ìyẹn ẹnu ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà jáde. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò ní kí ẹ kọ síbẹ̀ ni 192.168.8.1, pẹ̀lú 8.8.8.8 ti Google fún DNS, ìyẹn ẹni tí ń sọ orúkọ ojúlé di nọ́ńbà, íntánẹ́ẹ̀tì yóò sì wọlé. Èmi kò ní kọ nǹkan kan síbẹ̀. Láti ọjọ́ 8 oṣù kẹrin ọdún 2014 ni Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe Windows XP dúró, Internet Explorer tí ó wà nínú rẹ̀ kò sì lè ṣí ọ̀pọ̀ ojúlé òde òní mọ́, nítorí kò mọ ìlànà ìpamọ́ tí wọ́n ń lò. Bí ẹnu ọ̀nà bá ṣófo, àgbà yóò máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn méjì yòókù, yóò máa fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, kò sì ní lè ti ara rẹ̀ jáde sí íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn tí ó wá fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù tàbí wo èsì ìdánwò, ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ sórí Windows 7, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àtúnṣe tirẹ̀ náà ti dáwọ́ dúró láti ọjọ́ 14 oṣù kìíní ọdún 2020. Bí ẹ bá pààrọ̀ ráútà lọ́jọ́ kan, tí tuntun náà ń jẹ́ 192.168.0.1, ẹ ó ní láti yí 192.168.8.20 yìí padà sí 192.168.0.20, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yóò dákẹ́, ẹ ó sì tún kọ lẹ́tà sí wa.