Wọ́n fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ wa fún ìwádìí jíìnì HIV, kí la máa béèrè ká tó gbà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni alága ẹgbẹ́ àwa tá a ń lo oògùn HIV ní àdúgbò kan l'Óṣogbo níbí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá àwọn olùwádìí kan wá bá wa lọ́jọ́ tá a lọ gboògùn, wọ́n ní àwọn fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ káwọn lè ka jíìnì kòkòrò tó wà nínú ẹ̀, kí n bá àwọn kó èèyàn jọ wá sáìnì fọ́ọ̀mù. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ń kùn. Ìyá kan ní ṣé wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó kó o ran òun ni, pé bí ọkọ òun bá gbọ́, ilé máa tú. Òmíì ní wọ́n fẹ́ lọ tà á l'ókè òkun. Mi ò fẹ́ dí ohun tó lè ṣe wá láǹfààní lọ́wọ́, mi ò dẹ̀ fẹ́ tẹ́ lójú ẹgbẹ́. Kí ni ká ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ ṣeun mà. Nọ́ọ̀sì ni mí, ó ti pẹ́ tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ HIV, mo tún ń jókòó nínú ìgbìmọ̀ tó ń yẹ ìwádìí wò kó tó bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí wọ́n wá bá yín ló ń kọ mí lóminú ju fọ́ọ̀mù lọ. Bí wọ́n bá ti pinnu iye ẹ̀jẹ̀, ohun tí wọ́n máa wò, ibi tí wọ́n máa kó o lọ, tí gbogbo ẹ̀ ti tán pátá kí wọ́n tó rántí yín, òǹtẹ̀ lásán ni wọ́n wá gbà lọ́wọ́ yín.

Ká mú ọ̀rọ̀ ìyá yẹn ná, torí òun ló fọwọ́ kan ojú egbò. Kòkòrò HIV máa ń ṣe ẹ̀dà ara ẹ̀ ṣáá ni, kò dẹ̀ mọ̀ ọ́n ṣe, àṣìṣe máa ń wọ inú jíìnì ẹ̀, ìyẹn àkọsílẹ̀ inú ẹ̀ tó ń sọ bó ṣe máa rí. Ẹ wò ó bí àdìrẹ ẹlẹ́kọ tiwa yìí. Ọmọṣẹ́ kan ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹyẹ tí ọ̀gá ẹ̀ yà, ó gbàgbé ẹsẹ̀ kan, gbogbo ẹni tó bá wá ń wo aṣọ tiẹ̀ yà á gbàgbé ẹsẹ̀ yẹn náà, wọ́n á tún fi àṣìṣe tiwọn lé e. Bẹ́ ẹ bá rí aṣọ méjì lọ́jà tí ẹyẹ wọn jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ kan, ẹ ti mọ̀ pé orísun wọn ò jìnnà síra. Àmọ́ ta ló wo ta yà? Ó lè jẹ́ ẹnì kẹta làwọn méjèèjì wò, tí aṣọ tiẹ̀ ò sí lọ́jà rárá. Bí kíka jíìnì kòkòrò ṣe rí nìyẹn, ó lè sọ pé kòkòrò ara ẹni méjì sún mọ́ra, kò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé lágbájá ló kó o ran làkáṣègbè.

Ẹ má wá jẹ́ kí wọ́n fi ìyẹn tù yín nínú jù o, torí ọkọ tó ń bínú ò ní dúró gbọ́ ìtàn àdìrẹ. Ibí gan-an ni ìwádìí yìí ti yàtọ̀ sí kí wọ́n kàn yẹ̀ yín wò bóyá ẹ ní ìbà: ẹni tó sáìnì ló ni kòkòrò ara ẹ̀, àmọ́ kòkòrò yẹn ń júwe ẹni tí ò sáìnì, tí ò tiẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ń ṣe nǹkan kan. Ìdí tí mo fi ń sọ pé ọ̀rọ̀ gbogbo ẹgbẹ́ ni nìyẹn, bí ẹnì kọ̀ọ̀kan tilẹ̀ máa pinnu ti ara ẹ̀. Ẹ tún mọ̀ pé ẹni tí viral load ẹ̀ (iye kòkòrò tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹ̀) ti lọ sílẹ̀ gan-an, jíìnì kòkòrò ara ẹ̀ máa ń ṣòro kà, nítorí náà àwọn tí oògùn ò tíì ran tàbí tí wọn ò tíì bẹ̀rẹ̀ ló máa pọ̀ nínú èsì wọn. Bí wọ́n bá wá kọ ìròyìn pé “àwọn tó ń tàn án kálẹ̀” nìyí, pẹ̀lú orúkọ àdúgbò, ẹ̀yin lẹ máa jìyà ẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n má ya máàpù tó kéré ju ìjọba ìbílẹ̀ lọ, kí ẹgbẹ́ dẹ̀ gbọ́ èsì kí ìwé ìròyìn tó gbọ́.

Kíka jíìnì yìí láǹfààní ṣá, mi ò ní parọ́. Òun ni wọ́n fi ń mọ oògùn tí kòkòrò ti ń ṣorí kunkun sí, ìyẹn dẹ̀ yẹ kó padà dé kílíníkì yín, kó má kàn wà nínú kọ̀ǹpútà wọn. Ó tún lè gbè lẹ́yìn aláìṣẹ̀. Ní Benghazi l'órílẹ̀-èdè Líbíà, àwọn ọmọdé tó lé ní 400 ló kó HIV ní ọsibítù kan, wọ́n mú nọ́ọ̀sì márùn-ún ará Bulgaria àti dókítà kan ará Palẹstíìnì, wọ́n ní àwọn ló mọ̀ọ́mọ̀ kó o ran àwọn ọmọ náà, ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n pa wọ́n. Àwọn tó ka jíìnì kòkòrò ara àwọn ọmọ náà rí i pé ó ti ń jà nínú ọsibítù yẹn káwọn nọ́ọ̀sì tó dé lóṣù kẹta 1998. Ilé ẹjọ́ ò kà á sí, ọdún 2007 ni wọ́n tó tú wọn sílẹ̀.

Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa kọ́kọ́ béèrè àyè níbi ìpinnu. Láti 1983 ni àwọn tó ní àrùn yìí l'Amẹ́ríkà ti pàdé ní Denver tí wọ́n ní ibi tí wọ́n bá ti ń pinnu ọ̀rọ̀ àwọn, àwọn gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ní 2004 àti 2005 ìwádìí bóyá oògùn tenofovir lè dènà HIV fọ́ ní Cambodia àti Kamẹrúùnù torí àwọn tí wọ́n fẹ́ fi ṣe é àtàwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ fárígá, wọ́n ní wọn ò bá àwọn sọ̀rọ̀ tó. Tenofovir yìí náà ló wà nínú TLD tẹ́ ẹ ń gbé mì láràárọ̀ o, oògùn gidi. Lẹ́yìn ẹ̀ ni UNAIDS (àjọ àgbáyé tó ń rí sí HIV) àti AVAC (ẹgbẹ́ kan tó ń jà fún ìdènà HIV) tó kọ ìlànà jáde ní 2007, pé káwọn tó ń ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ máa bá ará ìlú jókòó láti ìbẹ̀rẹ̀.

Èmi alára ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí wọn ò bá jókòó. Ìwádìí kan tí mo bá wọn ṣe nígbà kan, ọkọ̀ tí wọ́n fi ń lọ wo àwọn èèyàn nílé, wọ́n kọ HIV gàdàgbà sára ilẹ̀kùn ẹ̀. Wọ́n páàkì síwájú ilé ọmọbìnrin kan tó ń ta mọ́ínmọ́ín. Ní ọjọ́ kẹta ó gbé abọ́ mọ́ínmọ́ín ẹ̀ wá bá wa ní kílíníkì, ó fẹ́ẹ̀ kún, kò sẹ́ni tó rà á. Ẹnikẹ́ni ò tú fáìlì ẹ̀ o, ọ̀dà ara ilẹ̀kùn ló ṣe é. Ọmọ ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ì bá ti sọ fún wọn ní ìṣẹ́jú kan pé kí wọ́n wọ Márúwá lọ. Ìwádìí yẹn náà ló túmọ̀ jíìnì sí “ẹ̀jẹ̀ ìran”, bàbá kan dẹ̀ dìde, ó ní ìran tòun ò ní àrùn kankan, ó bá tiẹ̀ lọ. Fọ́ọ̀mù tiwọn náà, ẹ jẹ́ kí ẹni méjì nínú yín kà á ní Yorùbá sókè ketekete kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Bó bá ṣì ń pe HIV ní àrùn kògbóògùn, ẹ fi bírò fà á. Ṣé TLD kì í ṣe oògùn ni?

Ẹ béèrè bóyá jíìnì kòkòrò nìkan ni wọ́n fẹ́ kà àbí àbùdá tiyín náà, èyí tẹ́ ẹ bí mọ́ àwọn ọmọ yín, torí ọ̀tọ̀ ni ìyẹn. Ẹ béèrè ọdún tí wọ́n máa fi tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún àti bóyá wọ́n lè tún un lò fún nǹkan míì. Àwọn ẹ̀yà Havasupai l'Amẹ́ríkà fún àwọn ará Arizona State University lẹ́jẹ̀ láti 1990 torí àtọ̀gbẹ, wọ́n wá gbọ́ pé wọ́n ti fi wo àrùn ọpọlọ àti ibi tí ìran wọn ti ṣẹ̀ wá, 2010 ni yunifásítì tó san 700,000 dọ́là tó dẹ̀ dá ẹ̀jẹ̀ padà. Ti òkè òkun yẹn, ẹ bi wọ́n ìdí tó fi gbọ́dọ̀ rìn jìnnà, nígbà tí Ẹdẹ tó wà nítòsí wa níbí ní láàbù kan ní Redeemer's University tó ka jíìnì kòrónà ní 2020 kí ẹlòmíì tó kà á nílẹ̀ Áfíríkà.

Òfin wà, ti 2014 tó ní kí ẹnikẹ́ni má ya ẹni tó ní HIV sọ́tọ̀, àti ti 2023 tó ń dáàbò bo détà. Síbẹ̀ ẹ bi wọ́n lójú ara wọn: bí ọlọ́pàá bá mú ìwé kóòtù wá, kí lẹ máa fún wọn? Èyí tó fi mí lọ́kàn balẹ̀ jù ni kí wọ́n fi kóòdù sára ẹ̀jẹ̀ dípò orúkọ, kí wọ́n sun ìwé tó so méjèèjì pọ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti fún kílíníkì lésì.

Ẹ má bínú sí mi mà, ẹ̀yin alága nìkan kọ́ lẹ máa ṣojú ẹgbẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ tí kì í wá mítìnì, àwọn tí ń wa ọkọ̀, àwọn obìnrin tí ń ṣiṣẹ́ nílé ọtí, àwọn ni ọ̀rọ̀ yìí máa kàn jù, kí wọ́n yan ẹni tiwọn fúnra wọn. Owó ọkọ̀ ni kí wọ́n fún èèyàn, bó bá ti pọ̀ débi pé ẹni tí kò fẹ́ á ní òun fẹ́, ẹ ní kí wọ́n dín in kù.

Tí wọ́n bá ní ìwé àwọn ti kọjá lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀, pé ó ti pẹ́ jù, kò tíì pẹ́. Ìwádìí tó ti gba àṣẹ ṣì lè padà wá tún nǹkan ṣe, a máa ń gbà á. Nọ́mbà ìgbìmọ̀ gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù yẹn, kẹ́ ẹ fi fóònù ara yín pè é. Bí kò bá sí nọ́mbà níbẹ̀, ẹ má tíì kó ẹnikẹ́ni jọ.